Àwọn Àárọ̀ Tí Mo Fi Ṣọ́ Bàbá Mi

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló máa ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wá láàárọ̀ n'Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ó máa ń kan bí ọtí. Òórùn yẹn ló gba gbogbo ilé ní àárọ̀ Mọ́ńdè tí bàbá mi ṣubú.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba kan n'Ọ̀wọ̀. Wọ́n máa ń pẹ́ sùn, wọ́n á pẹ́ jí, ariwo á wá bẹ̀rẹ̀: ta ló gbé bàtà mi, ta ló lo ọṣẹ mi, ọlọ́kadà á sì ti máa fun fèrè níta. Wọn kì í jẹun kí wọ́n tó jáde. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ń pariwo pé àwọn ò rí bẹ́líìtì àwọn, ọ̀rọ̀ kàn dákẹ́ lẹ́nu wọn ni. Wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì rọra yọ̀ wálẹ̀. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì la lò nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tí a ń lọ sílé, nọ́ọ̀sì kan wí fún wọn pé, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ló ru. Ẹ máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ jẹun, ẹ lo oògùn yín kí ẹ tó jáde. Ẹ má sáré kiri láàárọ̀ mọ́."

Tíṣà ni màmá mi, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ náà di òfin ilé. Aago márùn-ún ààbọ̀, ká jí. Omi ife kan. Ìrìn dé orí afárá àti bíbọ̀. Oúnjẹ, oògùn, àdúrà. Bí bàbá mi bá ti ń kánjú, màmá á ní, "Ẹ fara balẹ̀, ọ́fíìsì ò ní sá lọ." Nítorí pé àwọn ni wọ́n ń dáná tí wọ́n sì ń wẹ àwọn àbúrò mi, èmi ni wọ́n yan ìrìn náà fún.

"Fọlákẹ́, ìwọ ni wàá máa jí Dádì. Má jẹ́ kí wọ́n fo ọjọ́ kan o. Ọjọ́ tí wọ́n bá fò ó, a ò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀."

Ìkìlọ̀ lásán ni lẹ́nu màmá mi. Létí tèmi, ohun tí mo gbọ́ ni pé ọjọ́ tí mo bá sùn lọ ni bàbá mi máa kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú àkùkọ. Màá lẹ etí mọ́ ògiri, màá máa retí ikọ́ wọn. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, òógùn á bò mí. Lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ òsì wọn tí wọ́n ń wọ́ nìkan ni mò ń wò. Bí wọ́n bá dúró kí ẹnìkan, inú á bí mi. Mò ń sùn ní kíláàsì, olùkọ́ mi nà mí, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Òjò wá rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ kan. Ariwo rẹ̀ lórí páànù gbé mi sùn lọ. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Mo sáré wọ yàrá wọn, bẹ́ẹ̀dì ṣófo.

Màmá yọjú láti ilé ìdáná. "Ṣé ẹ ò jọ jáde ni?"

Mo sáré láì wọ bàtà nínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́nìkan lójú ọ̀nà. Nítòsí afárá, mo rí agbòòrùn wọn nínú gọ́tà, ó ti dojú dé. Mo pariwo, "Dádì!" Ìgbà tí mo yí ojú padà ni mo rí wọn lábẹ́ ìloro ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó, wọ́n dorí kodò.

Wọ́n gbé orí sókè. "Kí ló dé? Òjò ló dá mi dúró. Atẹ́gùn ti gbé agbòòrùn mi lọ."

Mo ṣubú lé wọn láyà, mo bú sẹ́kún. "Mo sùn lọ, Dádì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú!"

Wọ́n gbé ojú mi sókè. "Ta ló sọ fún ẹ pé oorun rẹ ló máa pa mí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ògiri. Bàbá mi fi ọwọ́ tó le nu ojú mi. "Èmi ni mo ni ara mi, Fọlákẹ́. Èmi ni màá máa tọ́jú ẹ̀. Láti ọ̀la lọ, tí o bá jí, ká jọ rìn. Tí o ò bá jí, máa sùn."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jí fúnra wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n bu omi mu, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo wà lórí ẹní títí tí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń gbọn ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè sùn kọjá àkókò yẹn.

Èmi náà ti di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì l'Àkúrẹ́ báyìí. Mò ń jí ní márùn-ún ààbọ̀, mò ń rìn yí àdúgbò po, mo sì ń jẹun kí n tó jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń yìn mí, wọn ò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló kọ́ mi. Ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà kò mọ bí atẹ́gùn ìdájí ṣe tutù tó; èmi mọ̀ ọ́n, mo sì máa ń dúró kí ẹni tó bá wù mí. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì ń rìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè wọ́n ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí fóònù dún títí tí wọn ò gbé e, màá tún di ọmọ ọdún mọ́kànlá, títí wọ́n á fi gbé e, tí wọ́n á ní, "Hẹ̀lóò."