Màámi Lórí Àjà Karùn-ún

Nígbà tí ilé-ìfowópamọ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ gbé mi láti Àkúrẹ́ wá sí Benin, ọkọ mi, tí iṣẹ́ tirẹ̀ wà ní Àbújá, ní òun kò fẹ́ kí èmi àti ọmọbìnrin wa máa gbé ibi tí ọkàn òun kò ní balẹ̀. Òun ló rí fúláàtì tí a ń gbé nínú ilé tuntun onígíláàsì kan láàárín ìgboro, kò jìnnà sí Ring Road. Àjà karùn-ún ni tiwa. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n da omi sí i, lífítì sì ń gbé èèyàn láti ibi tí a ń gbé mọ́tò sí débi ilẹ̀kùn wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Nígbà tó yá mo mú màámi wá láti Oǹdó. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹni tó ń bá wọn gbé sì ti lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ lífítì, wọ́n di apá mi mú, wọ́n dijú títí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ó padà mọ́ wọn lára. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo máa ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò Oregbeni tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣe ìsìn, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ tẹ́rùn. Ọmọ mi ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dá wọn lóhùn.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni lífítì dákẹ́. Mánijà tó ń bójú tó ilé náà sọ pé òkè òkun ni wọ́n ti máa ra ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ká ṣe sùúrù. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló máa ń sọ ọ́, títí ó fi di pé bó bá ti rí mi lókèèrè, á ti gbé fóònù sétí. Mo ní ká kó kúrò. Ọkọ mi bá onílé sọ̀rọ̀, onílé ní òun kì í dá owó ilé tí wọ́n bá ti san padà.

Èmi àti ọmọ mi ń gun àtẹ̀gùn. Màámi jókòó. Fèrèsé ńlá tó wà ní pálọ̀ kò ṣeé ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àga sí. Lọ́jọ́ kan mo dé, mo bá wọn tí wọ́n ń juwọ́ sísàlẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan tó máa ń gbálẹ̀ lójú títì ni, àwọn kò mọ̀ bóyá ó ń rí àwọn.

Wọn kò ráhùn, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọn kò jẹun dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ wọn wú. Dókítà tó gun òkè wá ní kí wọ́n máa rìn níta, kí oòrùn máa kàn wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń fi òróró pa ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, “Bí mo bá kú síbí, báwo lẹ ṣe máa gbé mi sọ̀kalẹ̀?”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo kàn bi ọ́ ni, ọmọ mi.”

Ilẹ̀ mọ́, mo pe ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkùnrin mẹ́rin ló wá. Wọ́n fi ìró so màámi mọ́ àga, wọ́n sì gbé wọn. Màámi fi ìborùn bojú. Ọmọ mi ṣíwájú, ó ń sọ pé, “Sofri, abeg, sofri.” Nínú àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà yọ̀, àga dàgẹ̀ẹ́rẹ́. Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi kò tó wọn. Bàtà màámi ni mo ń gbé tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, màámi ní àwọn kò ní gòkè mọ́. Opó kan nínú ìjọ fún wọn ní yàrá kan tó kọjú sí àgbàlá ilé rẹ̀ ní Oregbeni. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di òní. Bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́, mo máa ń yà kí wọn, kí n tó padà lọ síbi tí a sanwó sí.

Lífítì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo sọ fún màámi. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.