Ẹ̀rọ Méjì Nínú Etí Tauno

Ibi ìsìnkú Arvo Hakala ni ọ̀rọ̀ etí Tauno Rajala ti bẹ́ síta. Wọ́n ti sin òkú tán, gbogbo èèyàn ti sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti mu kọfí. Abọ́ ń ró, ṣíbí ń ró, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Mirjam, ìyàwó olóògbé, wá bá Tauno níbi tó dúró sí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tauno rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Ó gbọ́ pé ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ohùn náà ń wí. Ó wá ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́: ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ."

Mirjam fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ó yíjú padà, ó lọ.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, nínú òtútù, ni Lempi, ìyàwó Tauno, ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ariwo ló fi sọ ọ́, nítorí ariwo nìkan ló ń wọlé sí ọkọ rẹ̀ létí.

"Ó ní Arvo jìyà púpọ̀ kó tó kú! Ìwọ wá ní inú ẹ dùn!"

Àwọn tó ń jáde bọ̀ wò wọ́n. Tauno gbé fìlà rẹ̀ dé. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Thunder Bay, ìlú wọn, kì í lanu fún ẹnikẹ́ni nígbà òtútù.

Láti kékeré ni Tauno ti wọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ pépà, ibẹ̀ náà ló sì ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ a máa bú ramúramù tọ̀sán tòru. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ki òwú bọ etí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bi í bóyá ìyá rẹ̀ ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Etí kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, aago ẹnu ọ̀nà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohùn àwọn ọmọ-ọmọ, nígbẹ̀yìn ó kan ohùn Lempi. Tauno kò gbà pé etí òun ni. Ó ní àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn ń kùn bí oyin. Lempi ló ń gbé fóònù, Lempi ló ń bá dókítà sọ̀rọ̀, òun náà ló ń dá àwọn tó ń tajà lóhùn.

Arvo tó kú yìí, ẹ̀rọ kan náà ni òun àti Tauno jọ dúró tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí etí tirẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ó lọ ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni Tauno máa ń bi í pé, "Arvo, rédíò wo lò ń gbọ́ lónìí?" Gbogbo tábìlì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà, Tauno kò jiyàn mọ́. Lempi mú un lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Odette, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ etí wò. Odette ní kó wọ yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé gíláàsì, ó fi nǹkan bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó fún un ní bọ́tìnnì.

"Nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ ohùn, bó ti wù kó kéré tó, ẹ tẹ̀ ẹ́, bàbá."

Tauno gbọ́ ohùn bíi mélòó kan, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó jókòó, ó ń retí. Nígbà tó sú u, ó kan gíláàsì.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́, bàbá," Odette sọ ọ́ sókè kí ó lè gbọ́. "Ó ti ń ké látàárọ̀."

Lẹ́yìn gíláàsì, Lempi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Odette fa àga sún mọ́ Tauno, ó kọjú sí i. "Etí yín ṣì ń gbọ́ ohùn tó wúwo dáadáa: mọ́tò, ìlẹ̀kùn, ohùn ọkùnrin. Àwọn ohùn tínrín ló lọ, àwọn ló sì ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì. Ẹ máa ń gbọ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kì í gbọ́ ohun tó ń sọ."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn," ni Tauno wí. Ó yà á lẹ́nu pé ẹnì kan lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá di irú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wo ni kó mú. Oríṣi kan wà tó ń jókòó sẹ́yìn etí, tí okùn tínrín kan ti ibẹ̀ wọ inú ihò etí, tí wọ́n sì ń fi sí iná ní alẹ́ bíi fóònù. Oríṣi kejì kéré bí èso ẹ̀wà. Inú etí ló ń wọ̀ pátápátá, ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n bátìrì inú rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Odette wo ọwọ́ ọ̀tún Tauno, níbi tí ẹ̀rọ pépà ti bu orí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá jẹ.

"Bó bá jẹ́ èmi ni, èyí tó ń jókòó sẹ́yìn etí ni mo máa mú fún yín."

"Èyí tí ẹnì kankan ò ní rí ni mo fẹ́."

"Tauno," ni Lempi wí, "gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn láyé ẹ!"

Odette rẹ́rìn-ín. Ó ní kó gbé e lọ dán wò, bí kò bá bá a lára mu, àwọn á pààrọ̀ rẹ̀.

Bí Tauno ṣe jáde síta báyìí tòun ti ẹ̀rọ kékeré méjì létí, ó dúró gbagidi. Ìrì dídì abẹ́ bàtà rẹ̀ ń han gooro bíi gíláàsì tó ń fọ́. Ohùn ara rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó wà nínú àgbá. Nígbà tó délé, fíríìjì ń kùn, omi ń ṣàn nínú páìpù, aago ń gbá a lórí. Ó ṣí ìwé ìròyìn, àfi bí ìgbà tí ilé ń jóná. Ó bu búrẹ́dì gbígbẹ tó ti ń jẹ láti kékeré jẹ, ó dà bíi pé wọ́n ń la igi nínú agbárí rẹ̀. Bó bá fa fìlà òtútù bo etí, àwọn ẹ̀rọ náà á súfèé, ajá wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Lọ́jọ́ Sunday, Marlene ọmọ wọn kó ọkọ àti ọmọ wá jẹun. Tauno ti ń retí ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn lanu lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́ọ̀kì ń pariwo ju èèyàn lọ. Kaisa, ọmọ-ọmọ rẹ̀, sọ nǹkan kan fún un.

"Ẹn?"

Ọmọ náà tún un sọ.

"Ẹn?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá àgbà," ni Kaisa wí. "Kì í ṣe nǹkan pàtàkì."

Ìyẹn, ó gbọ́ ọ ketekete. Kò sí ọ̀rọ̀ tó kórìíra tó ìyẹn láyé. Ó yọ ẹ̀rọ méjèèjì, ó sọ wọ́n sínú àpò ẹ̀wù, ó sì jókòó sínú ìdákẹ́rọ́rọ́ rẹ̀ àtijọ́.

Marlene tẹ̀ sún mọ́ ọn, ó pariwo, "Dádì, ẹ fi nǹkan yẹn sétí. Àpò ẹ̀wù kì í gbọ́ràn!"

Ti àárín òun àti Lempi ló burú jù. Lempi rò pé bí ẹ̀rọ bá ti wọ etí, ó parí. Lọ́jọ́ kan, ó ń fọ abọ́ nídìí omi tó ń ṣàn, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí kò gbọ́ ìdáhùn, ó yíjú padà.

"Mo ti sọ ọ́ títí! O ò fi ẹ̀rọ yẹn sétí ni?"

"Ó wà létí!"

"Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni mo rà, Lempi! N ò ra etí tuntun!"

Lempi pa omi. Ó fi abọ́ sílẹ̀, ó wá jókòó síwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. "Ó ti rẹ̀ mí, Tauno. Èmi ni fóònù ẹ. Èmi ni mò ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá kí ẹ lójú pópó, kí wọ́n má bàa pè ẹ́ ní agbéraga. Mo rò pé bí nǹkan yìí bá ti dé, mo lè sinmi díẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ ni Tauno gbọ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dá lọ sílé Mirjam. Kò jẹ́ kí Lempi tẹ̀ lé òun. Mirjam gbé kọfí àti búrẹ́dì dídùn kalẹ̀, ojú rẹ̀ kò tíì tú ká tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi ké fín-ín létí ọ̀tún Tauno, ó kú. Ti òsì náà kú tẹ̀ lé e. Ó wá bátìrì nínú àpò, ó gbìyànjú láti mú un, ìka tó gé kò lè dì í mú. Èyí tó kọ́kọ́ mú jáde yí sínú ṣúgà. Mirjam kò dákẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Tauno mọ̀ ọ́n lára pé ẹnu òun ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, pé orí òun ti fẹ́ máa mì. Ó dá a dúró tipátipá.

"Mirjam, n ò gbọ́ ẹ. Bátìrì ti kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn náà, n ò gbọ́ ẹ. Mo kàn dáhùn ni."

Mirjam na ọwọ́, ó gba ẹ̀rọ náà. Ó fi èékánná ṣí i, ó bó pépà kékeré ẹ̀yìn bátìrì tuntun, ó gbé e sórí tábìlì kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó fi sínú ẹ̀rọ. Ó ṣe ìkejì bákan náà, ó dá wọn padà fún un.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ni Tauno bi í.

"Ta lo rò pé ó ń pààrọ̀ ti Arvo? Ìka tiẹ̀ sàn ju tìẹ lọ ni? Ó máa ń jù ú sínú dúrọ́ọ̀, á tún mú un jáde, á tún jù ú. Ó máa ń bú u bí ẹni ń bú ajá." Ó da kọfí sí i. "Ó sọ fún mi pé ò ń fi òun ṣẹ̀sín."

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rín ló máa ń rín tó bá ń sọ ọ́. Ó ní ó ń bọ̀ wá kàn ẹ́."

Ó gbé àga rẹ̀ yípo tábìlì, ó kọjú sí Tauno, ó wá sọ bí Arvo ṣe kú fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Tauno gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí kò gbọ́, ó ní kó tún un sọ. Kò rọrùn láti ní kí opó tún un sọ bí èémí ṣe ń há ọkọ rẹ̀ ní ọ̀fun, ṣùgbọ́n ó bi í, Mirjam sì tún un sọ. Aṣọ Tauno ti rin fún òógùn nígbà tó dìde.

Ó dá ẹ̀rọ kékeré náà padà. Odette kò sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Lempi bá a sọ ọ́. Odette fi ẹ̀rọ tó ń jókòó sẹ́yìn etí sí i, ó dín agbára rẹ̀ kù, ó ní kó máa wọ̀ ọ́ látàárọ̀ títí di àkókò oorun, kó máa ka ìwé ìròyìn sókè fún ara rẹ̀. "Ọpọlọ yín ti gbàgbé ariwo, bàbá. Ó gbọ́dọ̀ tún kọ́ èyí tó máa gbọ́ àti èyí tó máa pa tì."

"Ìgbà wo ló máa wá dáa tán?"

"N ò ní parọ́ fún yín. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, á ṣì máa ṣòro."

Òótọ́ yẹn bí i nínú ju bí irọ́ ì bá ṣe bí i lọ. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Awò ojú, fìlà àti ẹ̀rọ ń du etí kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tó ṣí fìlà, ẹ̀rọ òsì fò sínú ìrì dídì, òun àti Lempi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété, aládùúgbò sì ń bi wọ́n bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà. Nílé oúnjẹ tí wọ́n ti ń jẹ páńkéèkì, ó ní láti kọ ẹ̀yìn sí ògiri kó tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó tì í. Fíríìjì ní tiẹ̀ kò kùn létí rẹ̀ mọ́, Tauno kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tó dákẹ́. Lempi náà ń kọ́ láti pe orúkọ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó máa ń gbàgbé. Tauno á bínú, Lempi á bínú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń ti ilé Marlene bọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú kíákíá bó ṣe máa ń ṣe lásìkò yẹn, ẹ̀rọ amúmọ́tò-móoru ń fẹ́ fúù. Lempi sọ̀rọ̀.

"Ẹn?"

Ó tún un sọ. Tauno gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀, kò sì rí ètè. Lempi tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tauno mí kanlẹ̀, ó ya mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa á, ó tan iná inú rẹ̀, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ó yá. Wí i."

Lempi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń la ẹnu dáadáa. "Mo ní o ti kọjá ibi tó yẹ ká yà sí. Ó ti pẹ́."

Tauno wo títì tó lọ gbọọrọ níwájú, kò sí ilé kan, kò sí iná kan. "Kí ló dé tí o ò pariwo?"

"Odette ní ká má pariwo mọ́."

Tauno fi èdè baba rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣíná sí mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò ti yí i padà.