Bí Ìyá Bernadette Ṣe Fọ Búrọ́ọ̀ṣì Mi ní Ìfànyìn

Àkùkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ni mo jáde nílé ní Ìlaròó, mo gbá búrọ́ọ̀ṣì mẹ́fà tí mo fi ń kun ojú ìyàwó mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Náírà méjìlá ni mo rà wọ́n l'Ékòó. Ẹni tó bá mọ ohun tí náírà méjìlá ń rà nígbà náà kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìfànyìn ni mò ń lọ, ìlú tí àwọn tó kàwé Faransé ń kọ ní Ifangni. Bernadette, ọmọ àbúrò ìyá mi, nọ́ọ̀sì ni, ó sì fẹ́ ṣègbéyàwó pẹ̀lú olùkọ́ kan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú Bernadette kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Nígbà tó wà ní kékeré, epo gbígbóná ta sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń se epo. Àpá náà wú, kò tẹ́jú mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí fọ́tò rẹ̀ kan tí kò ti fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí kí ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà tó kọ sí mi kò gùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ yẹn nìkan, mo fẹ́ wo kámẹ́rà lójú."

Mo dé Ìdí-Ìrókò kí oòrùn tó mú. Mo sọdá ẹnubodè sí Ìgòlò ní ilẹ̀ Benin, gbogbo nǹkan sì yí padà láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ayé Révolution ni, ìjọba tí wọ́n ní ó jẹ́ ti mẹ̀kúnnù, nítorí náà "kàmáràdì" ni wọ́n ń pe àgbà àti èwe. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò gbé búrọ́ọ̀ṣì mi kan sókè.

"Kàmáràdì, kí lẹ fi èyí ń kùn? Ilé?"

"Ojú ìyàwó ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bon! Ẹ bá wa kí ìyàwó o."

Bàṣé ni mo wọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún fáránkì ni, èmi àti ewúrẹ́ kan sì jọ san iye kan náà. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa ni, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ẹ̀gẹ́ lósì. Mo ra búrẹ́dì wọn tó gùn bí apá, tó le lẹ́yìn, tó rọ̀ nínú. Tiwa ní ṣúgà jù ú lọ, àmọ́ mo ti jẹ ẹ́ tán kí n tó ṣe ìdájọ́.

Nígbà tí mo dé Ìfànyìn, ìyá Bernadette dì mọ́ mi, ó fún mi ní akasá, ìyẹn ẹ̀kọ tiwa, pẹ̀lú ẹja dídín. Kò jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ kankan. Nílé wọn, ẹrù àlejò kì í sùn pẹ̀lú ìdọ̀tí ọ̀nà. Onílé á ti fọ̀ ọ́ kí àlejò tó jí. Èmi kò mọ̀.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, báàgì mi ti ṣófo. Mo bá Màmá níwájú ìkòkò ní ẹ̀yìnkùlé.

"Màmá, búrọ́ọ̀ṣì mi dà?"

"Wọ́n dọ̀tí púpọ̀, ọmọ mi. Pupa, dúdú, gbogbo rẹ̀ ló wà lára wọn. Mo ní kí n bá ọ sè wọ́n nínú omi eérú."

Omi eérú! Omi tí wọ́n sẹ́ lára eérú odi ẹyìn, tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Ó ń bó ọwọ́ àgbàlagbà, áńbọ̀sì irun ewúrẹ́ tí wọ́n fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Màmá fi ìgbákọ wá inú ìkòkò, igi mẹ́fà ló kó jáde, gbogbo wọn pá kodoro.

Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ tó dà bí ẹyin, tí kò ṣeé kó bó bá fọ́, ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo ba ojú ọmọ yìí jẹ́," ó ní. "Èmi náà ni mo tún ba ohun tí a ó fi tún un ṣe jẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìbínú náà sì lọ. Bernadette jáde nínú yàrá. "Mais Màmá, ẹ dìde ńlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, aago mẹ́wàá ni ṣọ́ọ̀ṣì. Kí la lè fi ṣe é?"

A bẹ̀rẹ̀ sí wá nǹkan kiri ilé. Ti ètè àti ìpéǹpéjú, pákò tuntun ni mo mú. Mo ní ìyàwó fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́, torí ẹnu ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan ètè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ọ̀ṣìngín jókòó, tó ń jẹ pákò títí ó fi rọ̀ lẹ́nu bí ìrù kékeré. Wọ́n ti pa adìẹ àsè, mo ṣa ìyẹ́ múlọ́múlọ́ abẹ́ apá wọn, mo fọ̀ ọ́, mo yá a níná, mo so ó mọ́ ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Òun la fi gbọn àtíkè tó pọ̀ jù kúrò nímú ìyàwó. Ó sín, gbogbo àtíkè náà sì bọ́ sí èmi lójú.

Àpá náà ló kù. Mo fi òwú tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu egbò sínú àkísà gèlè tó rọ̀, mo fi tẹ àtíkè lé e. Kò mú. Ó nílò àtẹ́lẹwọ́ tó gbóná, tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, tèmi sì ti tutù nítorí omi tí mo fi fọ ìyẹ́.

"Màmá, ẹ bá mi gbé ọwọ́ lé e."

Ó sún sẹ́yìn. "Èmi kọ́."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé láti ọjọ́ tí egbò náà ti jinná, Màmá kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn rí. Bernadette fa ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ojú ara rẹ̀.

"Kò dùn mí mọ́, Màmá. Ó ti pẹ́ tí kò dùn mí mọ́."

Ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má sunkún, kí omijé má ba iṣẹ́ jẹ́, àmọ́ ojú tèmi ló kọ́kọ́ ṣomi.

N kò ní parọ́: ẹni tó bá sún mọ́ ọn ṣì lè rí àpá náà. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ayàfọ́tò ní kí ìyàwó yíjú díẹ̀.

"Non," Bernadette dáhùn. "Báyìí ni mo fẹ́ ẹ." Ó wo kámẹ́rà lójú.

Ọjọ́ kejì ni mo padà, mo sì dé Ìlaròó kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn oníbàárà mi fi ìyẹ́ adìẹ mi rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ wọ́n jẹ́ kí n fi kun àwọn. Mo ti ra búrọ́ọ̀ṣì mìíràn láti ìgbà náà, àwọn tí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ìyàwó bá ti jókòó síwájú mi, kí n tó ṣí àtíkè, mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé, "Màmá yín ńkọ́? Ẹ pè wọ́n wọlé."