Orúkọ Tó Ń Ṣí Kọ̀ǹpútà Àgbà

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà kan ṣe ń pàṣẹ fún àwọn yòókù, mo máa ní kó lọ bi ẹlòmíì. Ìdajì ẹ̀ yé mi, ìdajì tó kù ṣì ń dà mí láàmú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ni ọ́fíìsì náà, ní Èjìgbò. Ó ti pẹ́ ní Àbíjàn kó tó padà wálé, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló sì ń kó èrò lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyàwó ilé ni àwa mẹ́ta tó gbà sẹ́nu iṣẹ́: ìyáálé mi, èmi, àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí a ń pè ní ìyàwó kékeré. Àwọn kan ti ń ta ayédèrú tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ló jẹ́ kó ra kọ̀ǹpútà. Ó wá kìlọ̀ fún dẹrẹ́bà pé tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fọwọ́ kọ, kó má gbà á.

Ẹnjiníà kan wá láti Ìbàdàn, ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọ̀kan tó wà ní yàrá ọ̀gá. Ìyẹn ni kọ̀ǹpútà àgbà. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni wọ́n á ti máa ṣètò ààbò gbogbo wọn, àti ẹni tó lè wọlé, àti ọ̀rọ̀ àṣírí tó máa tẹ̀. Bí èèyàn bá ṣi ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó máa tì pa, àfi kí wọ́n lọ tú u sílẹ̀ nídìí àgbà. A mirí. Irọ́ ni, kò yé ìkankan nínú wa.

Kọ̀ǹpútà àgbà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló yàn án, ẹ̀rín ló sì fi sọ ọ́ fún wa: "Orúkọ Bàbá ni. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu yín láéláé."

Bàbá ọkọ wa ló ń wí o, tó máa ń jókòó síwájú ọ́fíìsì láàárọ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ìyàwó ilé wo ló máa la ẹnu pe orúkọ bàbá ọkọ ẹ̀? Kódà ọmọ tí wọ́n bí kí n tó wọlé, n kì í pe orúkọ ẹ̀, inagijẹ ni mo fún un. Bí ìyá mi ṣe ṣe é ní ìlú Ara nìyẹn kí n tó ṣe tèmi.

Lọ́jọ́ kan tí bọ́ọ̀sì fẹ́ gbéra, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà l'Ékòó, nígbà yẹn kò sì sí fóònù lápò ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan dé láti Ìsúndúnrìn, ẹrù ń bẹ lórí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Àbíjàn, oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Nígbà oyún àkọ́kọ́, ọmọ yìí nìkan ló wà nílé nígbà tó ń rọbí, ọmọ tó bí kò sì yè.

"Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ yìí fi mí sílẹ̀ o," ló ń wí ṣáá. "Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Ìyàwó kékeré ló fẹ́ já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí kan ṣoṣo tí àwa mẹ́ta jọ ń lò, kò gbà. Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ló bá tì pa. Mo pòṣé, mo lọ sídìí tèmi. Tèmi náà ti tì! Ti ìyáálé mi náà ò ṣí.

"Ẹ gbà mí! Èmi ò fọwọ́ kàn án o! Ẹni tó ṣẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ yẹn, kí ni wọ́n ń ti tèmi fún?" ni mo kígbe. Ta ló sọ fún kọ̀ǹpútà tèmi pé ẹnìkan ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ wo wáyà abẹ́ tábìlì, bí ẹni ń wá olófòófó. Dẹrẹ́bà ti ń fọn fèrè níta.

Gbogbo wa rọ́ wọ yàrá ọ̀gá, obìnrin náà tẹ̀lé wa. Ìyáálé mi ń wòkè, ìyàwó kékeré ń wolẹ̀. Mo gbé ìka sókè, n kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣé títẹ̀ ni pípè? Ìràwọ̀ lásán ló máa hàn lójú ẹ̀rọ, èmi gan-an ò ní í rí i. Àmọ́ ọkàn mi á ti pè é.

"Kí lẹ dúró ń wò?" ni obìnrin náà bi wá. Mo ṣàlàyé fún un. Ó wò wá bí ẹni wo wèrè.

"Nítorí orúkọ? Ti Bàbá tó wà níta yẹn? Mo mọ orúkọ wọn, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n. Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé yín. Jẹ́ kí n máa pè é, ìwọ máa tẹ̀ ẹ́."

Ló bá lọgun orúkọ náà, títí dójú títì. Ìyáálé mi fọwọ́ dí etí. Ìka mi ń sáré, mo ń sọ lọ́kàn mi pé ẹnu tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Ìràwọ̀ tò jọ.

Ó ṣí. Mo wá ibi tí ẹnjiníà fi hàn wá, mo yọ títì náà kúrò. Bí mo ṣe débẹ̀, mi ò lè sọ. Ni kọ̀ǹpútà wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jí pọ̀.

Bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ta ló ń pè mí?"

Àwa ìyàwó kúnlẹ̀. Obìnrin náà ló dáhùn: "Èmi ni, Bàbá. Ẹ foríjì mí. Orúkọ yín ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn."

Bàbá na ọrùn wo ẹ̀rọ náà. "Ṣé ó ṣí?"

"Ó ṣí, Bàbá."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà síta. A já tíkẹ́ẹ̀tì fún obìnrin náà, ó sì bá ọkọ̀ yẹn lọ.

Nígbà tó padà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ ló jọ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó gbé e fún Bàbá kí wọ́n súre fún un, lẹ́yìn náà ó gbé e wá bá mi.

"Orúkọ Bàbá la sọ ọ́. Ìwọ lo bá mi ṣílẹ̀kùn. Gbà á, pè é."

Mo gbà á. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ìyàwó kékeré ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ń wò mí láti orí àga wọn. Ọmọ náà di ìka mi mú, ìka tó tẹ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

"Ọkọ mi," ni mo wí, omi ti lé sí mi lójú, "káàbọ̀."