Ariwo Tí Etí-Ehoro Kò Gbọ́

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Etí-Ehoro ni gbogbo àdúgbò mọ mẹkáníìkì náà sí. Bí alùpùpù bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópónà, tí kò tíì yọ sí kọ̀rọ̀, á ti gbé sípánà kalẹ̀, á ní, "Èyí tó ń bọ̀ yìí, bíárìn rẹ̀ ti fẹ́ jẹ tán." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á sì bá a. Àwọn alùpùpù gíga tí wọ́n fi ń gun òkè, irú èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Àwọn yẹn máa ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ń jí gbé, síbẹ̀ nínú gbogbo ariwo náà, á ṣa ẹyọ ìró kan tó ń ṣàìsàn jáde, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Á fi ẹnu sukudíréfà kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ ti etí, á dijú.

"Píṣítìnì ló ń gbá ògiri."

Kì í pẹ́ sọ ọ́, kì í sì í ṣàṣìṣe.

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ariwo tó ń bọ́ ọ ló sì ń jẹ ẹ́ létí díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìró tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló tètè fura, lọ́jọ́ tí ìkòkò omi tíì súfèé títí tó fi gbẹ lórí iná, tí ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

"Baba ọmọ mi, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Gbọ́ kí ni?"

"Ìkòkò tó ń ké tantan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́ láti máa gbọ́. N ò kọ́ṣẹ́ ìkòkò."

Ó rẹ́rìn-ín, ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní kí àwọn jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun á lọ. Kò lọ. Ta ni yóò gbé alùpùpù wá sọ́dọ̀ Etí-Ehoro, tí wọ́n bá gbọ́ pé etí ọ̀hún ti di? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbọ́ ohun tí etí kò gbọ́ mọ́. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Ohun tó bá wúwo, tó ń kàn gbà-gbà, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá tín-ín-rín, àbá ló ń dá níbẹ̀, orí sì ń bá a ṣe é. Bí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, á rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ á kọjá lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Oníkúlà. Òun ló ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ilé ìwòsàn lọ sí àwọn abúlé orí òkè, nínú kúlà búlúù kan tó máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Aláwàdà ni. Á ní kò sí ọmọ ọwọ́ tó rí òun rí tí kò sunkún. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló máa ń po epo fún un láràárọ̀: ife ọ́ìlì kékeré kan sí kẹ́ẹ̀gì epo kan, kò lé, kò dín.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Oníkúlà dúró níwájú ìsọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan yìí. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí mo dá ọwọ́ epo padà, kì í tètè rọlẹ̀ mọ́. Ìró tín-ín-rín kan á sì máa dún, bí ẹ̀fọn tó wọ èèyàn létí."

Etí-Ehoro fi sukudíréfà ti ẹ́ńjìnnì, ó dijú. Kò gbọ́ ẹ̀fọn kankan. Ìró tó wúwo nìkan ló ń gbọ́, bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ó gbé ọwọ́ lé e. Sàlẹ́ńsà ń gbọ̀n díẹ̀, bóòtì rẹ̀ kan ti dẹ̀. Ó fún un le.

"Ó ti tán. Sàlẹ́ńsà ni."

Oníkúlà tẹ́tí. "Ó ṣì ń dún o, bọ̀ọ̀dá. Òun náà nìyẹn."

"Láàrin èmi àtìẹ, ta ni wọ́n ń pè ní Etí-Ehoro?"

Oníkúlà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má bínú, ó sì lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ́ńjìnnì gan lójijì. Táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, alùpùpù sì jù ú sórí àpáta. Ó ti kú kí àwọn tó ń ti oko bọ̀ tó gbé e dé ìsàlẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tó bá gan bẹ́ẹ̀, kò sí ọ́ìlì nínú epo rẹ̀. Ta ló sì ń po ọ́ìlì? Ẹ̀gbọ́n olóògbé ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Opó náà kò jà. Ó ní òun rántí pé òun pò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ní òun rò pé òun pò ó. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Láti ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ti gbé alùpùpù náà padà wá sí ìsọ̀ Etí-Ehoro. Òun nìkan ló tú u lọ́jọ́ náà. Orí píṣítìnì ti jóná, ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri, pọ́lọ́ọ̀gì sì funfun bí ẹfun. Ṣùgbọ́n nígbà tó tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì wà níbẹ̀, ó ń dán lára bíárìn. Obìnrin yẹn pò ó bó ṣe yẹ. Ó wá wo rọ́bà róbótó tó máa ń dí etí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì kí atẹ́gùn má bàa ráyè wọlé. Rọ́bà náà ti le, ó ti ya. Atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló pọ̀ ju epo lọ, tí iná inú ẹ́ńjìnnì fi gbóná kọjá ààlà. Ẹ̀fọn tí Oníkúlà ń gbọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ wákàtí kan ni pípààrọ̀ rẹ̀.

Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àwo, ó fi aṣọ bò ó.

"Wọ́n ní opó yẹn kò jẹun mọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan, ó sì gbóhùn sókè dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ tú ẹ́ńjìnnì. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Ó gbọ́ ọ ketekete. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá, opó náà wá sí ìsọ̀ fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbẹ, ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Ó sọ̀rọ̀ kan. Etí-Ehoro kò gbọ́ ọ, kò sì rí ètè rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Obìnrin náà di òpó mú, ó yíjú padà, ó lọ.

Ìyàwó Etí-Ehoro wà níbẹ̀, ó gbé omi wá fún ọkọ rẹ̀. Àfi bí ẹni pé wọ́n gbá ìyàwó náà létí.

"Ẹ mọ ohun tó bi yín?"

"Kí ló wí?"

"Ó ní, ṣé òun lòun pa ọkọ òun. Ẹ sì mi orí sí i!"

Àwo yẹn ni Etí-Ehoro gbé. Kò fọwọ́, kò wọ bàtà. Nígbà tó dé ilé aránṣọ, opó náà àti ẹ̀gbọ́n olóògbé wà ní pálọ̀. Etí-Ehoro kúnlẹ̀ níwájú opó náà, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, ó ṣí aṣọ kúrò lórí àwo.

"Ẹ fọwọ́ kàn án. Ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ pò ó lóòótọ́. Rọ́bà yìí ló ya. Ọkọ yín gbọ́ ọ, ó sọ fún mi, èmi ni n ò gbọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí n ò ti gbọ́ràn dáadáa mọ́. Mo fi pa mọ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n olóògbé dorí kodò. Opó náà ti ìka bọ inú àwo, ó wo ọ́ìlì tó wà níka rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo Etí-Ehoro lójú, ó sì rọra la ẹnu tó fi yé e:

"Ìgbà wo lẹ tú u?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́jọ lónìí."

"Ọjọ́ mẹ́jọ." Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ìró ìdí rẹ̀. "Ẹ máa lọ."

Dókítà etí sọ fún un lẹ́yìn náà pé èyí tó lọ ti lọ. Ó gbé àwọn irinṣẹ́ ẹ́ńjìnnì fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, ó sì jókòó ti iṣẹ́ fọ́gánáísà, níbi tí èèyàn ti ń ri táyà bọ omi láti fi ojú wá ihò. Opó náà máa ń gba iwájú ìsọ̀ náà kọjá bó bá ń lọ ra òwú. Etí-Ehoro máa ń kí i. Bóyá ó ń dáhùn, bóyá kì í dáhùn, kò mọ̀, torí kò tíì lè gbójú sókè wo ẹnu rẹ̀.