Ìbọn Tó Ní Awọ Lọ́rùn

“Ẹran ni!” Daddy Òkè pariwo débi pé òyìnbó tó ni ṣọ́ọ̀bù nǹkan àtijọ́ náà fò sókè lórí àga. Wọ́n ti fi itọ́ kan ìka, wọ́n fi ìka náà ra awọ tó wà lọ́rùn ìbọn, wọ́n sì gbé e sí imú. Wọ́n wá na ìka ọ̀hún sí mi. “Gbóòórùn ẹ̀! Awọ ẹran ìgbẹ́ nìyẹn. Ìbọn yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa rí!” Mo gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bíi bàtà tí òjò pa, ṣùgbọ́n inú mi dùn bí ẹni pé mo mọ ohun tí mò ń gbóòórùn.

Gbogbo àwa ọmọdé tó wà ní Barnfield Estate là ń pè wọ́n ní Daddy Òkè, torí pé ilé tó wà lókè tiwa ni wọ́n ń gbé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Sátidé, tí Mummy mi bá ti lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà. Pálọ̀ wọn kò jọ ti ẹlòmíì. Ìbọn àtijọ́ ló kún ara ògiri, àwọn tó ti gbó débi pé kò sẹ́ni tó ń ṣe ọta wọn mọ́. Òórùn epo tí wọ́n fi ń nu irin àti ìda tí wọ́n fi ń pa igi ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, kí ti ọbẹ̀ Mummy Òkè, ìyàwó wọn, tó dé. Wọ́n á máa súfèé orin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa nu ìbọn, èmi náà á máa nu ibi tí ọwọ́ mi bá tó. Mo fẹ́ràn Sátidé ju Kérésì lọ.

Àlàfo kan ṣoṣo ló kù lára ògiri náà. Mummy Òkè ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Mummy Òkè kì í sì í ní àtúnṣe. “Daddy, ẹ gbọ́ mi o. One more, finish. Tí ẹ bá tún gbé ìbọn wọlé lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti ìkòkò ọbẹ̀ mi la jọ máa kó jáde.”

Daddy Òkè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí àlàfo náà. Ọdẹ ni bàbá wọn nílé. Ìbọn àwọn ọmọ ogun òyìnbó ayé àtijọ́ kan ni bàbá náà fi ń ṣọdẹ. Ìgbà tó kú, London ni Daddy Òkè wà, wọn kò rí àyè lọ sin ín, nígbà tí wọ́n sì délé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìbọn náà wọlẹ̀ sí. Ó dùn wọ́n gan-an. Irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá kiri láti ọjọ́ náà.

Àfi bí òyìnbó arúgbó tó ń ta nǹkan àtijọ́ ní Woolwich ṣe fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé irú ìbọn náà ti dé, kì í sì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni. Ó ní oníbàárà kan ń bọ̀ láti òkèèrè lọ́sàn-án, pé èyí tí a bá fi sílẹ̀ ni ìyẹn máa gbé. Daddy Òkè tó ń fi ojoojúmọ́ sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wọ́n, ẹsẹ̀ mi ò lè bá tiwọn bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú.

Orí aṣọ àwọ̀ ewé la ti bá àwọn méjèèjì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà. Èkíní ń dán gbinrin, kò sí ohun tó yẹ̀ lára rẹ̀. Èkejì ti dúdú. Ibi tí ọwọ́ ti ń di igi rẹ̀ mú ti kán rí, ẹnìkan sì ti fi awọ tútù yí i ká, ó rán an pọ̀, awọ náà sì ti gbẹ mọ́ ọn le koko. Òyìnbó náà ń tọrọ àforíjì nítorí awọ yìí. Ó ní tí a bá fẹ́, òun lè bá wa ya á kúrò.

“No! Don't touch it!” ni Daddy Òkè wí.

Síbẹ̀ wọn kò lè mú ọ̀kan. Wọ́n á gbé èyí tó dúdú, ojú wọn á tàn; wọ́n á wo èyí tó ń dán, wọ́n á mí kanlẹ̀. Gbogbo èyí tó wà lára ògiri wọn ló pé tó sì mọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì kù tí wọ́n á yàn láyé.

“Daddy, mú èyí tó shiny jàre,” ni mo wí.

“Ẹ mú, kì í ṣe mú. Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá yọ fóònù. “Jẹ́ n pe Mummy. Ilé ẹ̀ náà ni.”

Láti ibi ìpàdé àdúrà ni Mummy Òkè ti wá, gèlè wọn ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn ò tíì kí òyìnbó náà tán tí ojú wọn fi bọ́ sórí awọ.

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Daddy, oǹdè nìyẹn! Wọ́n ti rán oògùn mọ́ ọn lọ́rùn!”

“Oǹdè kọ́. Igi ló kán, wọ́n fi awọ dì í. Bàbá mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Kí la fi mọ̀? Ẹ jẹ́ á là á ká wo inú ẹ̀.” Ọ̀bẹ kan wà lórí tábìlì. Wọ́n ti nawọ́ sí i.

Daddy Òkè fi apá méjèèjì bo ìbọn náà. “Tí o bá là á, ó máa já sí méjì! Jọ̀ọ́, Mummy. Please.” Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí.

Òyìnbó náà bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo ní, “She says there's juju in it.” Ó yára mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó fi sápò.

“Ó dáa,” Mummy Òkè wí, “ẹ jẹ́ n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Tí nǹkan bá wà nínú ẹ̀, ọwọ́ mi máa mọ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ojú rírán náà lọ, ètè wọn ń gbàdúrà. Díẹ̀díẹ̀, àdúrà náà dákẹ́. Ìka wọn padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́ lọ.

“Daddy, ẹ wò ó. Ó wọ ibí, ó jáde níbí, ó wá fi ara kọ́ra. Bí ìyá mi ṣe ń rán igbá tó bá ya nìyí. Èmi ni mo máa ń bá wọn di igbá mú.” Wọ́n gbé ojú sókè. “Obìnrin ló rán eléyìí.”

Mummy Òkè nawọ́ sí ìbọn tó mọ́.

“Èyí tó ń dán yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe?”

“Ogun,” ni Daddy Òkè wí.

“Èyí ńkọ́?”

“Ẹran ni wọ́n fi ń pa, fún ilé.”

“Kí là ń dúró ṣe nígbà náà? Ẹ gbé e, ká máa lọ.”

Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Mummy Òkè ò ní lọ láìṣe tiwọn. Wọ́n yọ ìgò òróró àdúrà nínú báàgì, wọ́n dà á sórí awọ náà. Òyìnbó náà figbe ta. Daddy Òkè rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí awọ náà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún epo.

Nígbà tí a délé, Daddy Òkè ò tètè gbé e kọ́. Wọ́n ní nílé àwọn, bàbá àwọn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin kankan sún mọ́ ìbọn òun, igbe ló máa ń fi lé wọn. Wọ́n wo ojú rírán náà títí. Wọ́n wá ní kí èmi ọmọbìnrin na apá mi, wọ́n sì gbé ìbọn náà lé e.

Daddy Òkè ti lọ sinmi báyìí. Àwọn ọmọ wọn ló kó àwọn ìbọn náà, èmi sì ti ń tọ́ ọmọ tèmi ní Thamesmead. Àwọn èèyàn ti fi ọ̀pọ̀ nǹkan sí ìkáwọ́ mi láti ìgbà náà, níbi iṣẹ́ àti nínú ilé, ẹ̀rù a sì máa bà mí pé ó lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo máa ń rántí ni bí ìbọn yẹn ṣe wúwo tó, bí apá mi ṣe ń gbọ̀n tí mo sì ń rẹ́rìn-ín, àti bí Daddy Òkè, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wá a, ṣe gbé e lé mi lápá tí wọ́n sì mú ọwọ́ tiwọn kúrò.