Bí A Ṣe Yọ Ìkùukùu Kúrò Lójú Ọ̀run

Ọdún kẹta tí wọ́n ti dá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dúró lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú ni lẹ́tà kan dé láti Kánò. Oníṣòwò kan tó ní ọkọ̀ òfurufú kékeré méjì ń wá awakọ̀. Ó pe ẹni mẹ́rin fún ìdánwò, ẹnì kan ló máa mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò kan ọ̀pá ìdarí kankan.

Ó ka lẹ́tà náà tán, ó ká a, ó fi sápò. Mo bi í bí ó ṣe rí lára rẹ̀.

"Ìwé ni. Mo ti kà á."

Èmi náà wà nílé. Àwọn ológun ti ti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ pa, wọ́n fi sójà méjì sẹ́nu ọ̀nà. Mo padà sọ́dọ̀ Màmá ní Ẹdẹ pẹ̀lú báàgì kan àti ìwé ìkọ̀ròyìn mẹ́fà tí mi ò tíì kọ nǹkan kan sí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ gíga ń lọ sí ìlú rẹ̀ nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí n lè máa fi tẹ àpilẹ̀kọ. Eré ìwakọ̀ òfurufú kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó fa àga.

Ìlú òyìnbó kan létí omi ni pápákọ̀ inú eré náà wà. Ilé gogoro wà níbẹ̀, ìkùukùu wà lókè, ilẹ̀ ní àwọ̀ oko àti àwọ̀ títì. Ṣùgbọ́n àwòrán náà ò ṣàn. Ó ń fò, bí ẹni tó ń ṣí fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀pá, ọkọ̀ ò dáhùn. Ó tún fà á, ọkọ̀ dáhùn méjèèjì pọ̀, imú rẹ̀ gbé sókè gọngọ, ó sì já lulẹ̀.

"Ọkọ̀ gidi kì í ṣe báyìí," ló wí.

Mo dábàá pé ká máa yọ nǹkan kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi mọ èyí tó ń fà á sẹ́yìn. Bí mo ṣe máa ń fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò náà nìyẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Òun á wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà, láti ìdí pápákọ̀ dé orí afárá. Á máa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbàkígbà tí àwòrán bá fò, èmi á fi bírò kọ àmì kan sínú ìwé, títí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá á fi pé. Bí àmì bá ṣe pọ̀ sí i ni àwòrán á ṣe máa sún mọ́ ṣíṣàn. Àárọ̀ ni iná sábà máa ń wá, nítorí náà àárọ̀ la ń ṣe é.

Nígbà tí gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, àmì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo kọ. A yọ ìkùukùu, ó di ọgbọ̀n. A yọ àwọn ilé gogoro, ó di ogójì. A yọ òjìji ọkọ̀, nǹkan kan ò yí padà. Òjìji ò jẹ̀bi, a dá a padà. Nígbà tí a yọ àwọ̀ ilẹ̀, ó lé ní àádọ́ta, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bá a mọ́.

Obìnrin aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa wá dúró lójú fèrèsé.

"Bọ̀ọ̀dá, àwọn ilé àná dà?"

"A yọ wọ́n."

"Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀."

"Ẹ rọra o. Tí ẹ bá lé gbogbo ará ìlú tán, ta lẹ fẹ́ gbé?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. "Kúrò lójú fèrèsé, o ń dí ìmọ́lẹ̀."

Ohun tó kù lójú kọ̀ǹpútà ni ilẹ̀ títẹ́jú gbalasa, ọ̀nà aláwọ̀ eérú kan láàárín rẹ̀, àti ọ̀run tí kò ní nǹkan kan. Ibẹ̀ ló ti ń fi ọkọ̀ balẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, kò já lulẹ̀ mọ́.

"Ó ṣì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn," ló sọ fún mi. "Mo ti mọ bó ṣe ń pẹ́ tó. Mo máa ń fà á ṣáájú, màá wá dúró dè é."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ìròyìn rere ni.

Ó wọ mọ́tò lọ sí Kánò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ mi wá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìyanṣẹ́lódì ti parí. Ó tàn án kó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá tẹjú mọ́ bọ́tìnnì kékeré kan níwájú ẹ̀rọ náà.

"Ta ló pa èyí? Òun ló ń jẹ́ kó sáré. Tí iná orí rẹ̀ bá ti kú, ìdajì agbára rẹ̀ ló ń lò."

Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ dé. "Èmi ni, tíṣà. Ọjọ́ tí ẹ gbé e dé ni. Iná pupa kan ń tàn níbẹ̀ lásán."

Láti ìgbà tí owó iná ti lọ sókè, kò sí iná kékeré tí Màmá kì í pa, ti rédíò, ti áyọ́ọ̀nù, gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tẹ bọ́tìnnì náà. Mo dá ìkùukùu padà, mo dá ilé àti àwọ̀ ilẹ̀ padà. Àwòrán náà ń ṣàn. Mi ò mú bírò.

"Ṣé mo bà á jẹ́ ni?" Màmá bi wá.

"Kò bàjẹ́, Màmá," ọ̀rẹ́ mi wí, ó sì gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú àlùbọ́sà nínú ọ̀rá. Màmá gbé oúnjẹ fún un. Ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀.

"Ọkọ̀ náà dáa. Mo fà á ṣáájú, ó léfòó lójú ẹsẹ̀. Mo dúró dè é, ó já bọ́ sílẹ̀ gbì. Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Ẹni tó ń dán mi wò bi mí pé, 'Ta lò ń dúró dè?'"

"Kí lẹ sọ fún un?" mo bi í.

"Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú."

Màmá ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó sọ gbogbo rẹ̀, bọ́tìnnì, iná pupa, bí tíṣà ṣe tẹ̀ ẹ́ tó fi yá. Kò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Ẹ ò mọ̀, Màmá."

"Mi ò mọ̀."

"Àwa náà ò mọ̀." Ó bu òkèlè mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo bi í bóyá inú ń bí i.

"Mo ń wò ó," ló wí. "Tí ìbínú náà bá dé, màá sọ fún ọ."

Oṣù tó tẹ̀lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní físíìsì níléèwé kan nílùú Ara. Títí wọ́n fi ṣí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa padà tí mo sì kúrò ní Ẹdẹ, kò tíì sọ fún mi pé ó dé.